Ìkànnì ń sọ Faransé, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ò gbọ́: àkọsílẹ̀ àtúnṣe

Ohun tó wà lórí tábìlì

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni. Windows 11 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú búráúsà méjì, Firefox àti Chrome. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó ni ín fẹ́ máa kà. Faransé wà nílẹ̀ fún ìgbà tí méjèèjì ò bá sí. Ìlà kan péré ni ẹ̀sùn tó wà lára ẹ̀rọ náà: àwọn ìkànnì ń ṣí ní èdè tí a ò béèrè. Nígbà tí a tú u wò, márùn-ún ló jẹ́.

Firefox ń gbé ìkànnì kan wá ní Faransé, Chrome ń gbé ìkànnì kan náà wá ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n tò sínú méjèèjì. Ìkànnì ìtajà kan ń ṣí ní Jámánì nínú Chrome, ohun yòówù tí èèyàn ì báà yí padà. Ojú ewé tí wọ́n fi Yorùbá kọ ń jáde ní Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru. YouTube ń sọ Sípáníìṣì. Ìkànnì ìròyìn kan sì ń pààrọ̀ èdè láàárọ̀ lálẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ta ló yan èdè yìí?

Kí a tó wọ Settings rárá, ìbéèrè yìí la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Búráúsà kì í yan èdè fún ìkànnì, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà tí wọ́n lè dá ẹ̀bẹ̀ náà nù.

Àdírẹ́sì ló sábà máa ń lágbára jù. Bí /fr/ bá wà nínú rẹ̀, tàbí ?lang=fr, tàbí hl=fr bíi ti Google, tàbí kí àmì èdè ṣáájú orúkọ ìkànnì bíi yo.wikipedia.org, ọ̀rọ̀ ti parí. Búkúmáàkì tí wọ́n fi pamọ́ pẹ̀lú /fr/ nínú á máa gbé Faransé wá títí, kò sí ètò búráúsà tó lè gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn àdírẹ́sì ni àkáǹtì, fún ìkànnì tí èèyàn ń wọlé sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kúkì, níbi tí ìkànnì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè báyìí la yàn nígbà kan. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn ni ẹ̀bẹ̀ búráúsà fúnra rẹ̀ máa ń tó dé iwájú, ìyẹn header (ìlà ìsọfúnni tí búráúsà ń fi mọ́ ìbéèrè rẹ̀) tó ń jẹ́ Accept-Language. Àdírẹ́sì IP, tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí a wà, ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì kan gbé e ṣáájú header, ìwà tí kò dáa ni, nítorí ibi tí èèyàn wà kọ́ ni èdè tó gbọ́.

Olùtumọ̀ inú búráúsà ò sí nínú ìtò yìí. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ojú ewé tó ti dé tán ló ń kùn lọ́dà mìíràn.

Bí a ṣe ń mọ ẹni tó yàn án: ṣí ojú ewé náà, tẹ F12, lọ sí Network, fi àmì sí Preserve log (nínú Firefox, Persist Logs ni, ó wà lábẹ́ àmì jíà), kí o wá tẹ F5. Bí a kò bá fi àmì yẹn sí i, ojú ewé tí JavaScript bá tì lọ síbòmíràn á pa àkọsílẹ̀ ibi tó ti wá rẹ́. Tẹ ìlà àkọ́kọ́ pátápátá, kì í ṣe ìlà àwòrán tàbí ti CSS. Nǹkan tí a ń wò níbẹ̀: nọ́ńbà Status, bóyá 200 ni (ojú ewé dé) tàbí 301 tàbí 302 (wọ́n darí wa síbòmíràn) tó ní Location lẹ́yìn, Accept-Language lábẹ́ Request Headers, lẹ́yìn náà Content-Language, Vary àti Set-Cookie lábẹ́ Response Headers. Kọ wọ́n sílẹ̀ kí o tó yí ohunkóhun padà. Ẹni tí kò bá kọ wọ́n sílẹ̀ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú ohun mẹ́ta tó yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀sùn kìíní: ìtò kan náà, èdè méjì

Èyí ló gba àkókò jù. Ohun tó wà nínú ìtò èdè búráúsà méjèèjì ni en-GB, lẹ́yìn náà fr. Ní Chrome, header tó jáde rèé:

`Accept-Language: en-GB,en;q=0.9,fr;q=0.8`

Ní Firefox, en-GB ló ṣáájú, fr tẹ̀ lé e pẹ̀lú q tó kéré, ó parí. Kò sí `en` lásán láàárín wọn. Chrome ló fúnra rẹ̀ fi `en` kún un, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Firefox kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá tò sí i gẹ́lẹ́ ló ń gbé lọ.

Ohun tó ń jẹ́ q ni bí ìfẹ́ ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 1. Èyí tí a kò kọ q sí lára, 1 ni. Ó dà bíi pé kò yẹ kí ìṣòro wà nígbà náà: Gẹ̀ẹ́sì ló ga jù, kí ló gbé Faransé wá? Ibi tó ti wọ́ ni pé sáfà yẹn, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé lórí rẹ̀, ò ní fáìlì kankan tó ń jẹ́ en-GB. `en` àti `fr` ló ní. Bí òfin ìbáramu èdè (RFC 4647, 2006) sì ṣe sọ ọ́, ẹni tó béèrè `en` lè gba `en-GB`, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè `en-GB` kò béèrè `en`. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun mú aṣọ wá lè gba aṣọ pupa. Ẹni tó ní aṣọ pupa lòun ń fẹ́, aṣọ lásán ò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Apache, ètò sáfà tó wà nídìí ìkànnì náà, gbìyànjú láti ṣàánú. Ó máa ń fi `en` dípò `en-GB`, ṣùgbọ́n ìgbà tí ohun mìíràn tó bá ìbéèrè mu ò bá sí rárá nìkan ni. Níbí, `fr` wà. Nítorí náà, Faransé tí q rẹ̀ kéré ló wọlé, Gẹ̀ẹ́sì wà níta. Ìwé Apache fúnra rẹ̀ lo àpẹẹrẹ yìí gan-an, en-GB pẹ̀lú 0.9 àti fr pẹ̀lú 0.8, ó sì sọ pé fr ló máa jáde. Kì í ṣe àṣìṣe, òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

A dán an wò lórí www.debian.org, nítorí pé header yìí gan-an ni ìkànnì yẹn fi ń yan èdè, ó sì ní èdè púpọ̀. Nínú PowerShell (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ lórí Windows), a lo curl, irinṣẹ́ tó ń béèrè ojú ewé láìlo búráúsà:

`curl.exe -s -o NUL -D - -H "Accept-Language: en-GB,fr;q=0.8" https://www.debian.org/`

Lẹ́yìn náà, ìlà kan náà pẹ̀lú `en-GB,en;q=0.9,fr;q=0.8`. Content-Location ni kí o wò nínú èsì: ti àkọ́kọ́ dárúkọ fáìlì tó ní .fr nínú, ti ìkejì dárúkọ èyí tó ní .en. Rántí láti kọ `.exe` mọ́ curl. Nínú PowerShell 5.1 tó bá Windows wá, `curl` lásán jẹ́ orúkọ ìnagijẹ fún àṣẹ mìíràn, àṣìṣe ló máa dá padà. Lórí Linux àti Mac, /dev/null ni wọ́n ń lò dípò NUL.

Ìdánwò curl yìí wúlò fún ìkànnì yòówù. Fi èdè méjì tí ìkànnì náà ní ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi `fr` àti `de`. Bí èsì méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìkànnì yẹn ò ka header rárá, má tún fi àkókò ṣòfò lórí ìtò èdè.

Àtúnṣe: Firefox, Settings, General, wá ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ojú ewé wà, tẹ Choose. Fi English [en] kún un, kì í ṣe èyí tó ní orúkọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn. Fi Yoruba [yo] náà kún un. Lo Move Up àti Move Down títí ìtò á fi jẹ́ yo, en-gb, en, fr, kí o tẹ OK. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà kúkúrú lè wọ about:config, wá `intl.accept_languages`, kó sì kọ `yo, en-GB, en, fr` sí i. Bí header bá ṣì ń sọ en-US láìka ìtò sí, wo `privacy.spoof_english` níbẹ̀ kan náà: bí ó bá jẹ́ 2, Firefox ń díbọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà nìkan lòun gbọ́, kí àwọn tó ń ṣọ́ èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà dá a mọ̀. Sọ ọ́ di 1. Ti ẹ̀rọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀, a kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ṣé ó yẹ kí yo ṣáájú? Ó ní ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì PHP ló ń yan èdè pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo:

`substr($_SERVER['HTTP_ACCEPT_LANGUAGE'], 0, 2)`

Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n gé, wọ́n ju ìyókù nù. Bí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ `yo`, tí wọn ò sì ní Yorùbá, wọn ò tún wo `en` tó tẹ̀ lé e. Èdè ilé wọn ni wọ́n máa gbé síta. Síbẹ̀, yo la fi síwájú. Àwọn tó ń kọ irú ìlà yẹn ni ọ̀lẹ, ìkànnì wọn sì sábà máa ń ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè fi yan èdè lẹ́ẹ̀kan, kí kúkì gbà á.

Ẹ̀sùn kejì: Jámánì tí kò fẹ́ kúrò

Ìtò èdè Chrome dáa. Header dáa. Curl pẹ̀lú header kan náà gba Gẹ̀ẹ́sì. Èyí fi hàn pé inú búráúsà ni nǹkan náà ń gbé, kì í ṣe lọ́dọ̀ sáfà.

Kúkì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ lang, `de` ló wà nínú rẹ̀. A pa á rẹ́: F12, Application, Storage, Clear site data. A kọ àdírẹ́sì ilé ìkànnì náà, Jámánì ló tún wọlé. Kúkì náà sì ti padà.

Inú Network la ti rí i. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ 301, Location rẹ̀ jẹ́ /de/, Chrome sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé disk cache (ibi tí búráúsà ń tọ́jú ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀) lòun ti mú un. Ìyẹn ni pé búráúsà ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà kó tó yà sí /de/. 301 túmọ̀ sí “a ti kó lọ pátápátá”, búráúsà sì láṣẹ láti tọ́jú rẹ̀ láìbéèrè mọ́. Nígbà kan tí ẹ̀rọ náà ń béèrè Jámánì ni ìkànnì ti fún un ní 301, láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ̀ lé e. Bó bá sì ti dé /de/, ojú ewé ibẹ̀ á tún kọ kúkì `de`. Àwọn méjèèjì ń jí ara wọn dìde. Clear site data ń pa kúkì rẹ́, àmọ́ kì í fọwọ́ kan cache HTTP.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan náà la gbọ́dọ̀ pa méjèèjì:

1. Fi F12 sílẹ̀ ní ṣíṣí. Clear site data, pẹ̀lú àmì lórí Unregister service workers, nítorí service worker, ètò kékeré tí ìkànnì ń fi sínú búráúsà, náà lè tọ́jú ojú ewé àtijọ́.
2. Kí ojú ewé náà tó rí àyè kọ kúkì mìíràn, fi bọ́tìnnì òsì tàbí ọ̀tún eku tẹ àmì reload mọ́lẹ̀, yan Empty Cache and Hard Reload. Àṣàyàn yìí kì í jáde bí F12 ò bá ṣí.
3. Bí ó bá jẹ́ pé orí /de/ la ṣe é, kúkì ti padà nìyẹn. Ṣe Clear site data lẹ́ẹ̀kan sí i.
4. Fọwọ́ kọ àdírẹ́sì ilé ìkànnì náà láìsí /de/. Má gba èyí tí Chrome bá bá ọ parí rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Ohun tó yẹ kí èèyàn sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ ṣáájú: Clear site data á yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí ìkànnì yẹn, ohun tó ti kó sínú apẹ̀rẹ̀ ìtajà sì lè lọ. Bákan náà, 301 ni ìkànnì yẹn ṣì ń fi ránṣẹ́. Àlébù rẹ̀ ò kúrò, ó kàn ti kọjú síbi tí a fẹ́ báyìí ni.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi Incognito dán irú èyí wò, ó sì dáa fún kúkì àti cache. Àmọ́ nínú Incognito, èdè kan ṣoṣo ni Chrome ń fi han JavaScript nínú `navigator.languages`, kí wọ́n má baà fi ìtò dá èèyàn mọ̀. Ìkànnì tó ń yan èdè láti ibẹ̀ lè ṣe dáadáa ní Incognito kó sì ṣìṣe níta, tàbí ìdàkejì. Má fi Incognito nìkan dájọ́.

Ẹ̀sùn kẹta: Yorùbá tó di Gẹ̀ẹ́sì

Ojú ewé yìí ò ṣe nǹkan kan. Nínú Console tó wà lábẹ́ F12, `document.documentElement.lang` dáhùn “en”, èyí tó lè tan èèyàn jẹ. `document.documentElement.className` ló tú àṣírí: `translated-ltr`. Àmì ọwọ́ olùtumọ̀ Chrome nìyẹn, òun ló sì yí lang padà. Àmì kejì ni pé nínú Elements, `<font style="vertical-align: inherit;">` ti yí gbogbo gbólóhùn ká. Tẹ Ctrl+U, ojú ewé àtilẹ̀wá á jáde ní Yorùbá pọ́ńbélé.

Ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fi rí wúruwùru ni pé ẹni tó kọ ojú ewé náà ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó kọ `oko` níbi tí ọkọ̀ wà, olùtumọ̀ ka ọkọ ìyàwó sí i, ọkọ wá ń gbé èrò mẹ́rìnlá lọ sójà.

Àtúnṣe: tẹ àmì ìtumọ̀ ní igun ibi tí àdírẹ́sì wà, yan èdè àtilẹ̀wá. Lẹ́yìn náà, Settings, Languages, wo abẹ́ Google Translate: yọ Yoruba kúrò nínú àwọn èdè tó ń túmọ̀ fúnra rẹ̀, kí o fi í sínú Never offer to translate these languages. Bí a kò bá ṣe apá kejì yìí, ó máa tún bi èèyàn, ìka kan tó ṣèèṣì tẹ Always á sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Àfikún búráúsà tó ń túmọ̀ nǹkan náà wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, kò ka ètò Chrome sí. Yẹ chrome://extensions wò.

Ẹ̀sùn kẹrin àti ìkarùn-ún

Ti YouTube ò tó nǹkan. Tẹ àwòrán àkáǹtì, yan Language, mú Gẹ̀ẹ́sì. Ti àwọn iṣẹ́ Google tó kù wà ní myaccount.google.com/language. Èdè àkáǹtì ń tẹ̀ lé èèyàn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, nítorí náà bí ìṣòro kan bá wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà pa pọ̀, àkáǹtì ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ìkànnì ìròyìn: VPN (ètò tó ń mú kó dà bíi pé orílẹ̀-èdè mìíràn lèèyàn wà) wà lórí ẹ̀rọ náà, ó ń yan orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá so pọ̀. A pa VPN, èdè dúró. A tàn án, a fi í sí orílẹ̀-èdè mìíràn, èdè yí padà. IP ni ìkànnì yẹn ń wò, kò sì ní bọ́tìnnì èdè lójú ewé àkọ́kọ́. Àdírẹ́sì tó ní /en/ nínú la fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi búkúmáàkì, torí àdírẹ́sì ló borí IP níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Safari, kó má wá ìtò èdè nínú Safari. Ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé: Settings, General, Language & Region, lórí Mac àti iPhone.

Fún ẹni tó ni ìkànnì

Ìdajì ohun tí a tún ṣe lókè yìí, ọwọ́ ẹni tó kọ ìkànnì ló ti wá. Má fi 301 gbé èèyàn lọ sí èdè kan, 302, tó ń darí fún ìgbà díẹ̀, ni kí o lò. Fi `Vary: Accept-Language` sí èsì tó bá yí padà nítorí èdè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, cache tó wà láàárín á gbé Faransé ẹni àkọ́kọ́ fún ẹni kejì. Ka gbogbo header, kì í ṣe lẹ́tà méjì. Kọ `lang="yo"` sára html ojú ewé Yorùbá. Jẹ́ kí bọ́tìnnì èdè hàn lórí gbogbo ojú ewé, kí o kọ orúkọ èdè kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe ń pè é, torí ẹni tó há sínú Jámánì ò lè ka “Sprache”, bí wọ́n ṣe ń pe èdè.

Lórí Apache, èyí tó fún ìpìlẹ̀:

`Options +MultiViews`
`AddLanguage yo .yo`
`AddLanguage en .en`
`AddLanguage fr .fr`
`LanguagePriority en yo fr`
`ForceLanguagePriority Prefer Fallback`

Prefer ń gbà wá lọ́wọ́ 300 (“èwo lo fẹ́ nínú wọn?”) nígbà tí fáìlì méjì bá dọ́gba, Fallback ń gbà wá lọ́wọ́ 406 (“kò sí èyí tó o lè gbà”) nígbà tí kò bá sí èyí tó bá ìbéèrè mu. Lẹ́yìn èyí, fáìlì á máa jẹ́ index.html.yo, index.html.en. Ẹni tó bá ń fi èdè Poland kún un kó má lo .pl, torí Perl ló ni ín; .po ni Apache ń lò.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn

A ti ẹ̀rọ pa, a tún un tàn, VPN wà ní títàn. Firefox: header bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yo, en-GB àti en tẹ̀ lé e, ìkànnì àkọ́kọ́ ṣí ní Gẹ̀ẹ́sì. Chrome: ìtajà ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà àkọ́kọ́ 301 sí /en/. Ojú ewé Yorùbá: className ṣófo. YouTube: Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn: Gẹ̀ẹ́sì láti inú búkúmáàkì, bí èèyàn bá fọwọ́ kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀, orílẹ̀-èdè VPN ló ṣì ń tẹ̀ lé, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn láti inú búráúsà.